Èwo ni kí tíìmù yín mú nínú àwọn AI tó ń kọ kóòdù? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ yàn

Ìbéèrè tí mo ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn tó ń darí tíìmù sọ́ftíwíà báyìí ni pé "èwo ló dáa jù?". Wọ́n á dárúkọ Copilot, wọ́n á dárúkọ Cursor, Claude Code, Codex, Devin, wọ́n á wá dákẹ́ kí n mú ọ̀kan níbẹ̀. Mi ò kì í mú o. Torí àwọn nǹkan yìí kì í ṣe irú kan náà, iṣẹ́ tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín yàtọ̀ síra, iṣẹ́ tuntun tí wọ́n ń dá sílẹ̀ fún yín náà yàtọ̀. Ohun tí èmi máa ń bi wọ́n padà ni pé: ta ló máa ka kóòdù náà? Kíkọ kóòdù ti yá báyìí, kíkà á ni kò tíì yá, ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ìyàtọ̀ tí mo fẹ́ tò sílẹ̀ yìí ti jáde.

Ká kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀ ná

Àkọ́kọ́ ni àwọn tó ń bá yín parí ohun tẹ́ ẹ ń tẹ̀. Ẹ wà nínú editor (áàpù tẹ́ ẹ ti ń kọ kóòdù), ẹ tẹ orúkọ function kan (ègé kóòdù tó ń ṣe iṣẹ́ kan), ìyókù ti yọ ní àwọ̀ eérú, ẹ tẹ Tab, ó wọlé. GitHub Copilot ló sọ irú èyí di ohun tí gbogbo ayé mọ̀, oṣù kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e fún àwọn èèyàn díẹ̀ pé kí wọ́n dán an wò, oṣù kẹfà ọdún 2022 ni wọ́n ṣí i fún gbogbo èèyàn.

Ìkejì ni àwọn tẹ́ ẹ ń bá fọ̀rọ̀ wérọ̀, ChatGPT tó jáde ní ìparí oṣù kọkànlá 2022 àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Ẹ bi í, ó dá yín lóhùn, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa gbé kóòdù náà lọ síbi tó yẹ.

Ìkẹta ni àwọn tí wọ́n ń pè ní agent, tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tiyín. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́, òun fúnra ẹ̀ á wá fáìlì tó kàn, á tún un kọ, á fi test (kóòdù tó ń yẹ kóòdù míì wò) dán an wò, tí test bá kùnà á ka ohun tó jáde, á tún gbìyànjú, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ títí yóò fi sọ pé òun ti parí. Cursor tó jẹ́ editor tí wọ́n yọ lára VS Code wà níbẹ̀, Claude Code tó ń gbé inú terminal (ibi tẹ́ ẹ ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà) wà níbẹ̀, oṣù kejì 2025 lòun kọ́kọ́ yọjú, Codex CLI àti Gemini CLI náà jáde lọ́dún yẹn kan náà.

Ìkẹrin ni agent tí kò sí lọ́dọ̀ yín rárá, sáfà ẹlòmíì ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ gbé issue kan (ìṣòro tàbí iṣẹ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀) fún un, ẹ lọ bójú tó nǹkan míì, ìgbà tẹ́ ẹ bá padà dé ẹ máa bá pull request (àtúnṣe kóòdù tẹ́nì kan gbọ́dọ̀ kà kó tó wọlé) tó ń dúró dè yín. Devin ni ariwo ẹ̀ kọ́kọ́ ta ní oṣù kẹta 2024, nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún 2025 Codex orí cloud àti agent ti Copilot fúnra ẹ̀ ti dé. Ìkarùn-ún wà o, ìyẹn model (ọpọlọ AI fúnra ẹ̀) tẹ́ ẹ gbé sórí ẹ̀rọ tara yín, màá kàn án níwájú.

Tab àbí agent?

Ìwádìí méjì wà tó dà bíi pé wọ́n ń ta ko ara wọn, àwọn èèyàn sì máa ń mú èyí tó bá tẹ́ wọn lọ́rùn níbẹ̀. Àkọ́kọ́, àwọn GitHub ló ṣe é ní 2022: developer (ẹni tó ń kọ sọ́ftíwíà) 95, wọ́n ní kí wọ́n kọ HTTP server kan (ètò tó ń dá browser lóhùn) ní JavaScript, àwọn tó ní Copilot parí ẹ̀ ní nǹkan bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 11, àwọn tí ò ní lo wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 41. Ìkejì, METR, àjọ kan tó ń dán AI wò, gbé e jáde ní oṣù keje 2025: developer 16 tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, iṣẹ́ 246, inú repo (àpò tí gbogbo kóòdù iṣẹ́ kan wà) open source ńláńlá, ìyẹn èyí tí gbogbo èèyàn lè rí, tí àwọn fúnra wọn ti ń tọ́jú láti ọdún pípẹ́, Cursor sì ni wọ́n lò jù. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà wọ́n láyè láti lo AI fún fi 19 pásẹ́ǹtì pẹ́ ju èyí tí wọn ò gbà wọ́n láyè. Èyí tó yẹ kó dun gbogbo ọ̀gá tíìmù lọ́kàn níbẹ̀ ni pé, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n rò pé AI máa gé 24 pásẹ́ǹtì kúrò nínú àkókò wọn, lẹ́yìn tí wọ́n sì ti ṣe é tán, tó ti fà wọ́n sẹ́yìn, wọ́n ṣì gbà pé ó gé 20 kúrò.

Méjèèjì ló jóòótọ́. HTTP server tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òfìfo jẹ́ ohun tí model ti rí nínú kóòdù ẹgbẹẹgbẹ̀rún ibi, kò sí àṣà àtijọ́ kankan tó máa tẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ní "àwa ò kì í ṣe é báyìí níbí". Repo tó ti pẹ́ ò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ kò sí nínú kóòdù, orí àwọn tó kọ ọ́ ló wà: ìdí tí function kan fi rí wọ́ báyẹn, oníbàárà tí wọ́n tìtorí ẹ̀ fi àlàfo kan sílẹ̀, ohun tó bàjẹ́ nígbà tẹ́nì kan gbìyànjú láti "tún un ṣe". Agent ò lè ka orí èèyàn. Ẹni tó ní ìmọ̀ yẹn lórí, kó tó ṣàlàyé ẹ̀ tán fún agent, kó tó dúró kó parí, kó tó kà á, kó tó tún un ṣe, ì bá ti kọ ọ́ tán fúnra ẹ̀.

Nítorí náà, fún àwọn tó mọ inú repo wọn bí ẹni mọwó, Tab, ìyẹn irú àkọ́kọ́, ni mo fara mọ́. Ó ń gba iṣẹ́ ìka lọ́wọ́ wọn, kò gba ìrònú, ìlà méjì mẹ́ta ló sì ń gbé wá lẹ́ẹ̀kan, ojú ti kà á tán kó tó wọlé, review, ìyẹn kíkà kóòdù wò kó tó wọlé, ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Agent máa ń wúlò jù níbi tí èèyàn ò ti mọ̀: èdè tẹ́ ẹ ò lò rí, repo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé fún yín, iṣẹ́ tó gùn tó sì súni bíi kẹ́ ẹ gbé gbogbo test láti framework kan lọ sí òmíì. Ẹ wo bí ìrìn wọn ṣe yá tó ná, nígbà tí ìdánwò tí wọ́n ń pè ní SWE-bench jáde ní oṣù kẹwàá 2023, ìyẹn issue gidi 2,294 tí wọ́n kó látinú repo Python 12, model tó ṣe dáadáa jù níbẹ̀ ò yanjú tó 2 pásẹ́ǹtì. Lórí èyí tí wọ́n ṣà kù sí 500, tí wọ́n ń pè ní Verified, àwọn tó wà níwájú ti kọjá 70 pásẹ́ǹtì láàárín 2025. Ìtẹ̀síwájú gidi nìyẹn, ẹnikẹ́ni tó bá ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ò wò ó dáadáa. Àmọ́ issue tẹ́nì kan ti kọ sílẹ̀, tó sì ní test tó máa sọ bóyá ó ti yanjú, ni gbogbo ẹ̀. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ fún tíìmù yín lọ́sẹ̀ yìí ńkọ́, ṣé bó ṣe kọ sílẹ̀ nìyẹn, ṣé test wà fún un? Tí kò bá sí, nọ́ńbà yẹn ò tíì kàn yín.

Iṣẹ́ ti ṣí lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ka kóòdù

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró dáadáa. Ká ní ẹni márùn-ún ló ń kọ kóòdù nínú tíìmù yín, àwọn méjì tó dàgbà jù ló sì ń ṣe review. Ẹ fún àwọn márààrún ní agent. Pull request tó ń wọlé á pọ̀ sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á sì gùn ju ti tẹ́lẹ̀ torí kò náni ní nǹkan kan mọ́ láti kọ ìlà ẹgbẹ̀rún kan. Àwọn méjì yẹn ńkọ́? Méjì náà ni wọ́n ṣì jẹ́, wákàtí wọn ò sì lé. Ó dà bí ìgbà téèyàn fi kún iye àwọn tó ń pọnmi tí kò fi kún ìkòkò. Ohun méjì ló lè ṣẹlẹ̀: kí iṣẹ́ máa tò sí ẹnu ọ̀nà review, tàbí kí wọ́n máa fọwọ́ sí i láì kà á, ìkejì yìí ló wọ́pọ̀, òun náà ló sì burú jù.

Ìwádìí 2024 ti DORA, tíìmù Google tó ń wádìí bí wọ́n ṣe ń kọ sọ́ftíwíà, rí irú nǹkan yìí. Bí lílo AI bá ṣe fi 25 pásẹ́ǹtì lé sí i, iye iṣẹ́ tó ń dé ọwọ́ àwọn tó ń lò ó ń dín kù ní nǹkan bíi 1.5 pásẹ́ǹtì, ìdúróṣinṣin ohun tí wọ́n gbé jáde sì ń dín kù ní nǹkan bíi 7.2, bẹ́ẹ̀ àwọn developer náà ló sì ń sọ pé iṣẹ́ ń yá àwọn. Ohun tí wọ́n fura sí ni pé kóòdù tó ń wọlé lẹ́ẹ̀kan ti tóbi jù, kóòdù tó bá sì tóbi ló máa ń ba nǹkan jẹ́, èyí ti wà kí AI tó dé.

Kóòdù AI sì tún le láti kà ju ti ẹlẹgbẹ́ yín lọ. Tí èèyàn bá kọ kóòdù tí ò dá a lójú, ó máa ń hàn, orúkọ variable á rí jákujàku, àlàyé ò ní sí, ẹ máa mọ̀ pé ibí yìí ló ti rẹ̀ ẹ́, ojú yín á sì dúró níbẹ̀. Ti AI ò rí bẹ́ẹ̀, ibi tó tọ̀nà àti ibi tó ṣì ló mọ́ bákan náà, orúkọ dáadáa, comment dáadáa, gbogbo àmì tí ojú àwọn ọ̀gá ti kọ́ láti ọdún pípẹ́ wá ti pòórá. Nínú ìbéèrè tí Stack Overflow, ìkànnì tí wọ́n ti ń béèrè ọ̀rọ̀ kóòdù, bi àwọn developer ní 2025, 84 pásẹ́ǹtì ní àwọn ń lò ó tàbí àwọn máa tó bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ 46 ní àwọn ò fọkàn tán ohun tó ń sọ. Ohun tí wọ́n sì ráhùn lé lórí jù ni kóòdù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ̀nà àmọ́ tí kò tọ̀nà tán. "Fẹ́rẹ̀ẹ́" yẹn ló ń jẹ àkókò.

Nǹkan míì tún wà tí kì í hàn kíákíá. Tó bá jẹ́ agent kan náà ló kọ kóòdù tó tún kọ test ẹ̀, test yẹn á máa sọ pé ohun tó kọ ni kóòdù ń ṣe, kì í ṣe pé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ló ń ṣe. Green ni gbogbo ẹ̀ máa jẹ́, àmì pé ó kọjá. Ìgbà míì agent tí test ń dí lọ́wọ́ á yí test náà padà kó lè kọjá. Ẹ máa ka ìyípadà inú fáìlì test ṣáájú ti kóòdù, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí èèyàn kọ àwọn test tó ṣe pàtàkì jù, tàbí ó kéré tán kó fúnra ẹ̀ ṣàlàyé ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ dán wò.

Agent ọ̀dọ̀ yín àti agent orí sáfà

Àwọn méjì yìí jọra lójú, àmọ́ wọn ò jọra nínú tíìmù. Èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ ń wò ó bó ṣe ń lọ, ẹ rí i tó fẹ́ ya bàrá, ẹ dá a dúró, ẹ tọ́ ọ sọ́nà, nígbà tó bá parí ẹ ti mọ ohun tó wà níbẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un ló kọ́kọ́ kà á, ìyẹn ni pé òǹkàwé méjì ti wà kó tó wọlé. Èyí tó wà lórí sáfà, ẹ ò rí ìrìnàjò ẹ̀, ibi tó dé nìkan lẹ rí, ó sì rọrùn láti gbé iṣẹ́ mẹ́wàá fún un nírọ̀lẹ́ kí ìdààmú mẹ́wàá máa dúró de ẹlòmíì láàárọ̀.

Ibi tí ti orí sáfà ti dáa: bug (àṣìṣe) kékeré tí wọ́n ti ṣàlàyé ẹ̀ kedere, gbígbé library (kóòdù tẹ́lòmíì ti kọ tẹ́ ẹ ń lò) sókè sí version tuntun, àtúnṣe kan náà tó kárí fáìlì púpọ̀, iṣẹ́ tí test á fi hàn lójú ẹsẹ̀ bóyá ó tọ̀nà. Ibi tí mi ò ní gbé e sí láéláé ni ohunkóhun tó nílò ìpinnu, bíi bí database ṣe máa rí, ẹni tó lè rí dátà ta, ọ̀nà tí owó ń gbà kọjá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ fi òfin kan sílẹ̀, ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un ló ni pull request náà, òun ló máa kọ́kọ́ kà á, orúkọ ẹ̀ ló máa wà níbẹ̀.

Ní ti ààbò, ti orí sáfà ló fi díẹ̀ dáa jù lójú tèmi, torí inú àpótí ọ̀tọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, kò rí password tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín. Agent tó wà lọ́dọ̀ yín lè ṣe gbogbo ohun tẹ́yin fúnra yín lè ṣe tẹ́ ẹ bá gbà á láyè. Ní oṣù keje 2025, agent ti Replit, áàpù kan tí wọ́n fi ń kọ sọ́ftíwíà, pa database gidi tí oníbàárà kan ń lò rẹ́, bẹ́ẹ̀ oníbàárà náà ti ní kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan lásìkò yẹn. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ tẹ̀ fún model kì í ṣe géètì. Tí ẹ ò bá fẹ́ kó pa database, ẹ má fún un ní kọ́kọ́rọ́ database, ó parí síbẹ̀. Agent tó bá sì ń ka issue tàbí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì lè bá àṣẹ tẹ́nì kan fi pamọ́ síbẹ̀, kó gbà pé ẹ̀yin lẹ sọ ọ́.

Ẹ tún máa wo library tó bá fi kún un. Ìwádìí kan tó wo kóòdù 576,000 tí model 16 kọ rí i pé nínú package (ìyẹn library) tí àwọn model yẹn ní kí èèyàn lò, nǹkan bíi ìdá kan nínú márùn-ún ni kò sí láyé, orúkọ lásán ni. Àwọn aṣebi lè lọ fi orúkọ yẹn sílẹ̀ fúnra wọn, kí wọ́n fi kóòdù burúkú sínú ẹ̀, kí wọ́n máa dúró de ẹni tó máa gbé e wọlé.

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ nínú iṣẹ́

Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, torí àwọn tó ń ra irinṣẹ́ kì í rò ó mọ́ ọn. Àwọn olùwádìí Stanford kan wo ìwé owó oṣù ní Amẹ́ríkà ní 2025, wọ́n rí i pé àwọn developer tó wà láàárín ọmọ ọdún 22 sí 25 tó níṣẹ́ lọ́wọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dín ní 20 pásẹ́ǹtì sí ti ìparí 2022, nígbà tí ti àwọn àgbà ò dín. Iṣẹ́ kéékèèké tí wọ́n fi ń kọ́ junior níṣẹ́ tẹ́lẹ̀ gan-an ni agent ń gbà. Tí kò bá sí junior lónìí, ta ló máa ka kóòdù lọ́dún mẹ́wàá sí i?

Torí ẹ̀, irinṣẹ́ kan náà kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ fún gbogbo èèyàn. Junior, ẹ fún un ní èyí tó lè bá fọ̀rọ̀ wérọ̀, kó bi í pé kí ló dé tí nǹkan fi rí báyìí, kó kọ kóòdù fúnra ẹ̀, kó sì jókòó ti ẹni tó ń ṣe review. Ẹ má kọ́kọ́ gbé agent lé e lọ́wọ́, ó máa gbé iṣẹ́ tó dáa wá lóòótọ́ àmọ́ kò ní lè dáhùn ìbéèrè kan lórí ẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà tó bá ti lè rí àṣìṣe nínú kóòdù ẹlòmíì, ẹ jẹ́ kó lò ó. Ohun tí Andrej Karpathy, ọ̀kan lára àwọn tó dá OpenAI sílẹ̀, pè ní vibe coding ní oṣù kejì 2025, kéèyàn máa gba gbogbo ohun tí AI bá kọ láì wo kóòdù, dáa fún áàpù tẹ́ ẹ fẹ́ fi hàn lọ́la kẹ́ ẹ sì jù nù lọ́tunla. Ẹ sá rí i pé ẹ jù ú nù lóòótọ́.

Tiyín àbí tiwọn

Ní 2023 Samsung fòfin de ChatGPT àti irú ẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ lẹ́yìn tí kóòdù inú ilé ti bá ibẹ̀ jáde. Tí kóòdù yín ò bá gbọdọ̀ kúrò nílé, model tó wà ní gbangba bíi Qwen2.5-Coder wà, ẹ lè fi áàpù Ollama gbé e sórí ẹ̀rọ yín. Èyí tó tóbi bíi 32B (nọ́ńbà bílíọ̀nù 32 ló wà nínú ẹ̀), kódà tẹ́ ẹ bá fún un pọ̀ sí 4-bit kó lè kéré sí i, á gba nǹkan bíi 20GB lórí GPU, káàdì tí AI fi ń ṣírò. Fún Tab àti ìbéèrè kéékèèké ó tó, ẹ ò ní rí ìyàtọ̀ púpọ̀. Fún agent tó ń rin ìrìn gígùn, tiwọn ṣì dáa ju ti ilé lọ dáadáa, ẹ má tan ara yín jẹ. Kẹ́ ẹ tó kó wàhálà ẹ̀rọ sọ́rùn, ẹ kọ́kọ́ ka àdéhùn tó wà fún àwọn ilé iṣẹ́, ọ̀pọ̀ wọn ló ń sọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ò ní fi kóòdù yín kọ́ model.

Owó

Tab ní iye kan lóṣù, ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ máa san, dọ́là 10 lóṣù ni Copilot fi bẹ̀rẹ̀ fún ẹnì kan ní 2022. Agent ń jẹ token (ègé ọ̀rọ̀ tí AI ń kà tó sì ń kọ), bó bá ṣe ń rìn yí po tó lowó ń lọ tó. Ní oṣù kẹfà 2025 Cursor yí bó ṣe ń gbowó padà, owó tí àwọn kan ò retí dé bá wọn, ilé iṣẹ́ náà sì tọrọ àforíjì lóṣù tó tẹ̀ lé e. Devin náà kúrò ní dọ́là 500 lóṣù, ó ṣí ilẹ̀kùn dọ́là 20 sílẹ̀. Nítorí náà ẹ má fọwọ́ sí àdéhùn ọdún kan, ẹ fi òdiwọ̀n sí iye tẹ́nì kọ̀ọ̀kan lè ná lóṣù.

Bí mo ṣe máa dán wọn wò

Ẹ mú pull request àtijọ́ bíi mélòó kan tẹ́ ẹ ti mọ ìdáhùn ẹ̀, kékeré, ńlá, èyí tó fa wàhálà lẹ́yìn tó wọlé. Ẹ dá repo padà sí bó ṣe wà ṣáájú ẹ̀, ẹ fún irinṣẹ́ méjì tẹ́ ẹ fẹ́ fi wéra ní issue náà gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nígbà náà, ẹ má ràn án lọ́wọ́. Kí ẹni tó mọ ibẹ̀ dáadáa wá kà á láì mọ èyí tó kọ èwo, kó kọ iye àkókò tó fi kà á sílẹ̀ àti iye ohun tó ní kí wọ́n tún ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fún apá kan tíìmù fún bí oṣù kan, ẹ máa wo iye àkókò láti ìgbà tí pull request ṣí títí tó fi wọlé, bó ṣe gùn tó, iye èyí tí wọ́n ní láti dá padà. Ẹ má kàn bi wọ́n pé ṣé iṣẹ́ ń yá, àwọn METR ti fi hàn wá pé ìdáhùn yẹn ò ṣeé gbára lé. Nígbà tó bá wá kan kẹ́ ẹ fọwọ́ sí rírà á, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń ṣe review wà nínú yàrá náà, kí ìdìbò tiwọn sì wúwo ju ti àwọn tó ń kọ kóòdù lọ.